Ìlù tó ń sọ̀rọ̀, orí idẹ, òpó ààfin: níbo ni iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n wà nínú wọn?

Ọmọ àbúrò mi obìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti òde ìgbéyàwó. Onílù kan ló dúró síwájú bàbá arúgbó kan, ó lù ú ní ìlù díẹ̀, bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì kó owó jáde lápò. Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó yí i ká kàn ń wo ara wọn lójú. Ìbéèrè ọmọ náà ni pé: "Bọ̀dá, ṣé ìlù yẹn ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àbí àwọn àgbà kàn ń gbọ́ ohun tó bá wù wọ́n?"

Òun nìkan kọ́ ló ń béèrè. Bí àwòrán orí idẹ Ifẹ̀ bá ti jáde lórí Facebook, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: ẹnìkan á ní àwọn àlejò ló ṣe é, ẹlòmíràn á ní ẹ̀rọ ni. Bí ó bá jẹ́ ère igi ni wọ́n gbé síbẹ̀, ìbéèrè á yí padà: kí ló dé tí orí rẹ̀ tóbi tó báyìí, ṣé ẹni tó gbẹ́ ẹ kò mọ bí ènìyàn ṣe rí ni?

Lójú tèmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ tó parí la ń wò, a kò mọ ohun tó dí ẹni tó ṣe é lọ́nà. Ẹni tí kò gun igi ọ̀pẹ rí lè rò pé igbà nìkan ló ń gbé ọlọ́pẹ dókè. Nítorí náà, ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti le ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Kí a kọ́kọ́ gbọ́ ara wa yé ná. Bí mo bá sọ pé ọnà, ẹwà tí a fi ọwọ́ dá sára nǹkan ni, bíi ọnà ara igbá tàbí ti ara ilẹ̀kùn. Ère ni àwòrán ènìyàn tàbí ẹranko tí a gbẹ́ láti ara igi, tí a fi amọ̀ mọ, tàbí tí a fi idẹ dà. Dùndún ni ìlù olójú méjì tó fẹ̀ lẹ́nu méjèèjì, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, bí odó kékeré méjì tí wọ́n fi ìdí ko ìdí. Gángan wà nínú ẹbí rẹ̀, ìyáàlù sì ni olórí wọn.

Ṣé ìlù ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́?

Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

Ohun méjì ló para pọ̀ di ọ̀rọ̀ Yorùbá: lẹ́tà tí ẹnu ń pè, àti ohùn tí a fi ń pè é. Ohùn mẹ́ta ni a ní, ìsàlẹ̀, àárín àti òkè, èyí tí olùkọ́ kọ́ wa ní dò, re, mí. Ohùn yìí ló ya ọkọ tó jẹ́ baálé ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọ̀kọ̀ ogun àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí Èkó. Lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yàtọ̀.

Ẹ rántí ìyá tó ń jẹun lọ́wọ́, tí ọmọ bi í níbi tí ṣíbí wà. Ẹnu rẹ̀ kún, kò lè lanu, ó sì fi imú kùn pé "ó wà níbẹ̀ yẹn." Ọmọ gbọ́ ọ, ó lọ mú ṣíbí. Lẹ́tà kankan kò jáde lẹ́nu ìyá yẹn, ohùn nìkan ló jáde. Ohun tí dùndún ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń fi ẹnu dídì sọ̀rọ̀.

Báwo ló ṣe ń rí ohùn mẹ́ta náà mú jáde? Awọ bo ojú méjèèjì ìlù náà, awọ ọmọ ewúrẹ́ tó fẹ́lẹ́. Okùn awọ tí wọ́n ń pè ní ọ̀ṣán ni wọ́n fi so ojú méjèèjì pọ̀, ó sì ta yí ìlù ká láti òkè dé ìsàlẹ̀. Onílù gbé e kọ́ èjìká, ó ń fi ọwọ́ kan fún ọ̀ṣán, ó ń fi kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ lórí lu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Bó bá fún ọ̀ṣán, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ibi àárín ni ó wà lọ́wọ́ onílù nìkan. Kò sí àmì kankan lára ọ̀ṣán tó máa sọ fún un pé re nìyí. Etí rẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohùn wa máa ń yọ́ láti ibì kan sí ibì kejì nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, nítorí náà onílù tó gbọ́n á lu awọ ná, lẹ́yìn náà ni yóò wá fún ọ̀ṣán kí ìró náà tó tán, kí ohùn lè gùn bí ó ṣe ń gùn lẹ́nu ènìyàn. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ ọ̀gá.

Tí kò bá ní lẹ́tà, báwo la ṣe ń mọ ohun tó sọ?

Ibi tó le jù nìyí, ibẹ̀ náà ló sì dùn jù.

Ká ní onílù lu re, mí. Kí ló sọ? Ó lè jẹ́ ilé. Ó lè jẹ́ owó, iṣẹ́, ayé, igbá, ewé tàbí ọkọ́. Gbogbo wọn ni re, mí. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìlù sọ láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń tan ara rẹ̀ ni.

Nítorí èyí, onílù kì í fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ ní òun nìkan. Ó máa ń lu gbólóhùn odindi, ó sì máa ń yan èyí tí olùgbọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: òwe, oríkì, orin tí gbogbo ìlú ń kọ. Bó bá lu re, mí, re, dò, dò, dò, mí, ẹni tó bá lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí á ti parí rẹ̀ fún un: iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Ìlù sọ ìdajì, orí olùgbọ́ sọ ìdajì kejì.

Èsì ìbéèrè ọmọ àbúrò mi wà níbẹ̀. Bàbá yẹn kò kàn ń gbọ́ ohun tó wù ú, ṣùgbọ́n bí kò bá mọ oríkì ilé wọn tẹ́lẹ̀, kì bá tí gbọ́ nǹkan kan. Onílù ní láti mọ oríkì ìdílé tó wà níbi òde, kó mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ta, kó mọ òwe tó bá ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà mu, kó sì rántí gbogbo rẹ̀ láàárín ariwo, bí àwọn ènìyàn ti ń jó lù ú. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Àyàn, tí wọ́n ń jẹ́ Àyánwálé, Àyándélé àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ti wà nídìí ìlù kéékèèké láti kékeré kí wọ́n tó gbé ìyáàlù lé wọn lọ́wọ́. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ Àyàn náà ń kọ́ ọ. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì Ẹdẹ, fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá.

Ìdajì tí olùgbọ́ ń sọ yìí máa ń ṣe bó ṣe fẹ́ nígbà mìíràn. Láyé ìgbà tí rédíò ìjọba ṣì ń jẹ́ Nigerian Broadcasting Service, ní àwọn ọdún 1950, dùndún ni wọ́n fi ń ṣí ètò. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì ni onílù ń lù. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá kò ní gba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ìlù! Àwọn ará Ìbàdàn ní ohun tó ń sọ ni pé, "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè?" Àwọn mìíràn gbọ́ "kò sónígbèsè níbí, ẹ lọ sílé kejì." Ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, nítorí pé ó fi hàn pé ìlù kò purọ́, òye wa ló ń yà.

Gbogbo ìlù tó wà nínú ẹgbẹ́ kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ìyáàlù ló ń wí, gúdúgúdú àti àwọn yòókù ń di ẹsẹ̀ ijó mú kó má baà yẹ̀. Bàtá, ìlù Ṣàngó, ń sọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀ṣán tí a ń fún, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń já gìdìgìdì, tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé akólòlò ni. Bàtá yìí kan náà ni àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Kúbà. Títí di òní, ìyá ni wọ́n ń pe èyí tó tóbi jù níbẹ̀, Añá sì ni wọ́n ń pe Àyàn, òrìṣà ìlù, tó ń gbé inú rẹ̀.

Ta ló ṣe àwọn orí idẹ Ifẹ̀?

Àwọn ará Ifẹ̀ ni, ní nǹkan bí ọdún 600 sí 800 sẹ́yìn.

Ibi tí iyèméjì ti wá kò jìnnà. Ní ìparí ọdún 1910, ará Jámánì kan tí wọ́n ń pè ní Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí orí Olókun, ẹnu sì yà á. Kàkà kó gbà pé ọwọ́ àwọn baba àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ ló ṣe é, ó ní àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́, àwọn ará Atlantis tí òkun gbé mì nínú ìtàn, ni wọ́n wá fi sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, ẹ̀yìn ààfin Ọọ̀ni, já lé orí idẹ mìíràn lórí, tó ju mẹ́wàá lọ. Ní 1957, wọ́n tún rí ère idẹ ní Ìta Yemòó. Ère amọ̀ sísun tó ní irú ojú kan náà kún ilẹ̀ Ifẹ̀. Àlejò kì í kó gbogbo ẹrù rẹ̀ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ilé onílé.

Báwo ni wọ́n ṣe dà á?

Ẹ máa fọkàn wo ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ gbígbóná kò ní ìrísí tirẹ̀. Bí a bá dà á sínú ewé, tó sì tutù, ìrísí ewé ló máa gbà, títí dé ìlà wẹ́wẹ́ ara ewé náà. Idẹ yíyọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀ ni bí a ṣe máa ṣe "ewé" tó ní ojú, imú àti ètè nínú.

Wọ́n á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ orí tó kéré díẹ̀ sí èyí tí wọ́n fẹ́. Wọ́n á wá fi ìda oyin bò ó pẹlẹbẹ, ìwọ̀n bí wọ́n ṣe fẹ́ kí idẹ náà nípọn tó. Ara ìda yìí ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ojú: ìpéǹpéjú, eteetí ètè, ìlà wẹ́wẹ́ tó gba ojú kọjá láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Bí ìyẹn bá parí, wọ́n á fi amọ̀ kíkúnná bo ìda náà, lẹ́yìn náà amọ̀ tó ki, wọ́n á sì fi ojú ihò sílẹ̀. Wọ́n á gbé e síná. Ìda á yọ́, á ṣàn jáde, ààyè òfìfo á kù sáàárín amọ̀ inú àti amọ̀ òde. Ààyè yẹn ni wọ́n ń da idẹ yíyọ́ sí. Bó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ òde.

Ẹ dúró síbi tí ìda ti ṣàn jáde yẹn. Iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ti fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe ti lọ. Kò sí i mọ́. Bí idẹ bá dé ìdajì tó sì dì, bí afẹ́fẹ́ bá há sí imú, bí amọ̀ inú bá yẹ̀ díẹ̀, òfo ni. Àti pé kò lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú amọ̀ náà nígbà tó ń dà á. Bí afọ́jú ló ń ṣe é. Gbogbo orí tí ẹ rí tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, tí ìlà rẹ̀ tẹ̀ lé kọ́rọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ láìjá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fi dà á.

Idẹ ni, àbí bàbà?

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pè wọ́n ní bronze, èyí tó jẹ́ bàbà tí a pò mọ́ tin. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, bàbà tí a pò mọ́ zinc ló pọ̀ nínú wọn, òjé sì wà níbẹ̀. Ìyẹn ni idẹ. Àwọn àgbà tó ń pè é ní idẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ṣì í.

Díẹ̀ nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ bàbà gidi tí kò ní àdàlù tó tó nǹkan. Ìbòjú Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ àtijọ́ kan, tó tóbi tó ojú ènìyàn, wà lára wọn. Ó yẹ kí ẹnu ya yín síbẹ̀. Bàbà nìkan kò ní yọ́ àfi tí iná bá gbóná dé ìwọ̀n 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì tún ṣòro láti ṣàn. Kò pẹ́ tó ti máa ń dì, bí àmàlà tó ti ń le lójú orógùn kí o tó bù ú sáwo. Zinc àti òjé ni wọ́n fi ń rọ̀ ọ́. Ẹni tó da bàbà lásán sínú ààyè tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, tó sì dé gbogbo kọ̀rọ̀, mọ iná ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe mọ fóònù ọwọ́ wa lọ. Ìtàn Ifẹ̀ fi Ọbalùfọ̀n ṣe alábòójútó àwọn tó ń da idẹ, mi ò sì rí ìdí tí ìlú ì bá fi fún ọba ní irú ipò bẹ́ẹ̀ bí iṣẹ́ náà bá rọrùn.

Tí wọ́n lè ṣe ojú ènìyàn báyìí, kí ló dé tí orí ère igi fi tóbi?

Nítorí pé ó wù wọ́n bẹ́ẹ̀. Orí idẹ Ifẹ̀ ti fi hàn pé ilẹ̀ yìí mọ bí ojú ènìyàn ṣe rí.

Orí ènìyàn tó dàgbà tó nǹkan bí ìdá kan nínú méje gíga rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ère igi Yorùbá, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Orí ni àyànmọ́ wà, orí ni a ń bẹ. Agbẹ́gilére gbé ohun tó ṣe pàtàkì tóbi, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀tàn ṣe máa ń gbé ohùn sókè níbi tó bá fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ère ìbejì ni ẹ wò: ọmọ tó kú ní kékeré ni, ṣùgbọ́n ojú àgbàlagbà tó tutù ló ní. Àwọn agbẹ́gilére ní ọ̀rọ̀ kan fún ìwọ̀n tó yẹ, jíjọra: kó jọ ènìyàn tó kí a mọ̀ ọ́n, kó má sì jọ ẹnìkan pàtó jù.

Kí ló le nínú igi gbígbẹ́?

Idẹ tó bàjẹ́, ẹ lè yọ́ ọ padà. Amọ̀ tó bàjẹ́, ẹ lè tún un mọ. Igi tí àáké ti gé kò ní padà síbi tó wà. Agbẹ́gilére ń yọ kúrò ni, kì í fi kún un. Nítorí ìyẹn ni wọ́n fi ní ìpele tí wọ́n ń tẹ̀ lé: ọnà lílé, tí wọ́n ń fi àáké lé ìrísí ńlá jáde; àlétúnlé, tí apá àti etí ń yọjú; dídán, tí wọ́n ń mú ara rẹ̀ dán; àti fífín, tí ọ̀bẹ ń fín irun àti ìlà ojú. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ ṣáájú àáké ti kú.

Agbẹ́gilére tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí i sí, Arinjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló sìn, ó sì kú ní 1938. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn àwọn agbẹ́gilére mìíràn, àwòrán máa ń lẹ̀ mọ́ pákó. Ti Ọlọ́wẹ̀ ń yọ orí àti apá jáde síta bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sínú yàrá. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ ní Wembley ní 1924, British Museum sì fẹ́ rà á. Ògògà kọ̀, kò tà á. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ló gbà dípò, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún un. (Ẹ̀yin ẹ sọ ẹni tó jèrè níbẹ̀.)

Òpó kan láti ààfin yẹn wà ní Chicago báyìí. Ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, olorì sì ga jù ú lọ fíofío. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé àṣìṣe ni. Olorì ló ń gbé adé lé ọba lórí. Ẹni tó gbé agbára wọ̀ ọ́ ló dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n abọ́ kan tó wà ní Smithsonian ní Washington ló pa mí lẹ́nu mọ́. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ dání. Nísàlẹ̀ abọ́, àwọn ère kéékèèké kúnlẹ̀ yí po bí ọgbà. Nínú ọgbà yẹn, orí ènìyàn kan ń yí gbirigbiri. Kò lè jáde, nítorí pé ó tóbi ju àlàfo àárín wọn lọ. Báwo ló ṣe wọ ibẹ̀? Kò wọ ibẹ̀ rí. Igi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀; Ọlọ́wẹ̀ ti ọ̀bẹ bọ àárín àwọn ère yẹn, ó gbẹ́ orí náà níbi tó wà, ó sì gé e kúrò lára igi tó bí i, bí ẹ̀pà tó gbó nínú èèpo tó ń dún wọrọwọrọ. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ère kan á ti ṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ní igi ìrókò tó le máa ń rọ̀ bí igbá lọ́wọ́ ọkọ òun.

Níbo ni kí èmi tí mi ò mọ nǹkan kan ti bẹ̀rẹ̀?

Bó bá jẹ́ ère, ẹ yí i po. Àwòrán orí fóònù ń fi iwájú nìkan hàn yín, ẹ̀gbẹ́ ni ère Yorùbá sì máa ń dá yàtọ̀ jù. Ẹ wá ibi tí ọ̀bẹ kò ti rọrùn láti dé, bíi ẹ̀yìn etí àti abẹ́ apá. Ẹni tó gbẹ́ ibẹ̀ dáadáa kò gbẹ́ ẹ fún ojú ayé nìkan.

Bó bá jẹ́ ìlù, ẹ kúrò nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ lọ dúró ti ìyáàlù, kí ẹ wo ọwọ́ tó ń fún ọ̀ṣán. Mo sọ èyí fún ọmọ àbúrò mi, ó sì padà lọ bá onílù yẹn kí òde tó tú. Ó ní kó lu orúkọ òun. Onílù bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, ó ní Kọ́lá. Onílù lu mí, mí, ó wò ó lójú, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ ogún ló lè dáhùn sí ìyẹn níbí yìí, kó dárúkọ oríkì rẹ̀ àti ti ilé bàbá rẹ̀. Kọ́lá kò mọ ọ́n. Ibẹ̀ ló ti fa fóònù yọ láàárín òde, tó ń pariwo mọ́ ìyá rẹ̀ lórí, kó lè borí ariwo ìlù: "Mọ́mì, kí ni wọ́n máa ń kì mí?"